Àṣìṣe Tí Bàbá Àṣìṣe Kò Rí

Ní ilé ìtẹ̀wé kan, ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ wíwá àṣìṣe inú ìwé kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Bàbá Àṣìṣe ni wọ́n ń pè é. Kò sí àṣìṣe tó lè sá pamọ́ fún un, àmọ́ ẹnu rẹ̀ kò mọ "má bínú" í pè.

Lọ́jọ́ kan, ó ra ìwé kan tó sọ̀rọ̀ nípa àwọn tí kò fẹ́ràn ẹnì kankan bí kò ṣe ara wọn. Wọn kì í gba ìbáwí, wọn kì í jẹ̀bi láéláé.

"Yéè! Ìyàwó mi gan-an rèé!" Ó fa bírò pupa yọ, ó ń kọ "Ìyá Ìbejì" sí ẹ̀gbẹ́ ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Ó gbé e lé orí tábìlì kí obìnrin náà lè kọ́gbọ́n. Ẹ ò rí nǹkan!

Ìyàwó kà á tán. "Bàbá Ìbejì, ọdún mẹ́sàn-án tí a ti fẹ́ra rèé. Ìgbà wo lẹ bẹ̀ mí rí?" Ó kó àwọn ọmọ, ó gba ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ.

Ilé dá páropáro. Ó jókòó, kò rọgbọ. Ó dìde, kò rọgbọ. Ó tún ìwé náà kà, ẹ̀rù bà á: òun gan-an ni ìwé ń bá wí! Ó ra irú ìwé bẹ́ẹ̀ méjì sí i. Ó wá mọ àrùn rẹ̀ dunjú, kò rí oògùn. Níkẹyìn ó kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ sí ìyàwó rẹ̀, ó sì fi han ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń tẹ ọ̀rọ̀ sínú kọ̀ǹpútà níbi iṣẹ́, ẹni tó mọ Jésù.

Ọ̀rẹ́ bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀bẹ̀ kọ́ rèé, oríkì ara ẹ lo kọ! 'Mo ra tibí, mo ṣe tọ̀hún.' Gbọ́ ná, ṣé ẹni tó tẹ iṣẹ́ ló ń yẹ̀ ẹ́ wò níbí?"

"Rárá o. Ojú rẹ̀ á fo àṣìṣe ara rẹ̀."

"Ọkàn rẹ ńkọ́? Ìwọ náà lò ń dá yẹ̀ ẹ́ wò. Gbé e fún Jésù. Ó rí gbogbo rẹ̀, síbẹ̀ ó kú fún ọ."

Ọ̀rọ̀ náà gún un dé egungun. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó sunkún bí ọmọdé. "Olúwa, èmi ni mo jẹ̀bi. Gbà mí." Kò fi "ṣùgbọ́n" kankan tì í.

Ó ya lẹ́tà náà, ó kọrí sílé ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀. "Ìyá Ìbejì, mo jẹ̀bi. Má bínú."

Obìnrin náà kò ṣèlérí pé òun á padà. Ó kàn sún àga sí i: "Ẹ jókòó ná."

Ìwọ tó ń ka ìtàn yìí, ta lò ń rò bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀? Ọkọ rẹ ni, àbí ọ̀gá rẹ? Ọ̀rẹ́, ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Jésù ń pè ọ́ lónìí, ta ló mọ ọ̀la? Má tíì fi ìwé yìí ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Kúnlẹ̀ ná.