Ojú-Ìwé Kan Nínú Ìtàn Ìpéńdò

Ọwọ́ Hadiyyah ni Haneef kọ́kọ́ rí. Ó ń sáré lórí kọ̀ǹpútà ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń báni tẹ̀wé, àmọ́ ojú ẹ̀ wà níta, ó ń wo àwọn kẹ̀kẹ́ tó ń lọ ní Táíwò Road n'Ílọrin. Haneef gbé ojú-ìwé àkọ́kọ́ fún un kó bá òun tẹ̀ ẹ́, nínú ìwé tó fọwọ́ kọ nípa bí àwọn bàbá ńlá ẹ̀ ṣe tẹ ìlú wọn dó, Ìpéńdò, ìlú kékeré létí odò níhà gúúsù. Ọmọbìnrin náà yẹ ìkọ̀wé ẹ̀ wò, ó bi í bóyá adìyẹ ló bá a kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ bùṣe. Ojoojúmọ́ ló wá ń mú ojú-ìwé kan ṣoṣo wá, bí ẹni tí ò lè gbé méjì. Kí oṣù tó parí, Haneef ti ń pè é ní Adùn mi, ó sì ti ní òun fẹ́ wá rí ìyá ẹ̀.

Ojú-ìwé tó kù lẹ́yìn ló dá wàhálà sílẹ̀. Ó kọ síbẹ̀ pé Lásúnkànmí, tó ń fi igbá ńlá gbé èèyàn sọdá odò, ẹrú bàbá ńlá àwọn ni.

Ọwọ́ Hadiyyah dúró. "Lásúnkànmí ló bí bàbá tó bí ìyá mi."

Haneef ò mọ̀. Àmọ́ ó mọ̀ pé irọ́ lòun kọ, ibẹ̀ gan-an ló ti burú. Bàbá àgbà ẹ̀ ti sọ fún un pé Lásúnkànmí làwọn bá létí odò. Òun ló gbé wọn sọdá, tó tún fún wọn nílẹ̀. Bàbá ẹ̀ tó ń du oyè ìlú ló ní kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n lè máa pe ìdílé wọn ní onílẹ̀. Òun náà sì rò pé ìran ọkùnrin yẹn ti wá kéwú n'Ílọrin, wọn ò padà mọ́, ta ni yóò bi òun? Ojú tì í, ilẹ̀ ò sì lanu kó gbé e mì.

Ó bẹ̀ ẹ́ kó bá òun tún un tẹ̀.

Hadiyyah dìde lórí àga. "Ìwọ ni kó o tẹ̀ ẹ́."

Ìka kan ló fi tẹ òótọ́ náà, omi ń bọ́ lójú ẹ̀. Nígbà tí bàbá ẹ̀ kà á, ó ní òun ò ní bá a débi àna kankan láéláé.

Síbẹ̀ Haneef lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ níwájú Alájà Hàjàrá, ìyá Hadiyyah, kò lè gbójú sókè. Ó ní òun ló pe bàbá àgbà wọn lẹ́rú, irọ́ ni òun pa, òun sì ń tọrọ ọmọ wọn.

Alájà bi í léèrè. "Ta ni yóò sìn ẹ́ wá lọ́jọ́ ìtọrọ?"

"Kò sẹ́nì kankan, mà."

"Dìde. Àwọn ọmọ Lásúnkànmí yóò sìn ẹ́ wá."