Ẹni Tí A Kò Kí Káàbọ̀

Aṣọ ọkùnrin náà tutù rinrin, bẹ́ẹ̀ ọyẹ́ ló gbòde, tí ètè gbogbo ará Makun-Omi ti là. Ọ̀sán gangan ló máa ń dé ẹnu ọ̀nà Ìbíkẹ́ létí òkun. Á ní, "Ẹ kú ilé o." Ìbíkẹ́ á máa yí ẹja tó ń yan, kò ní dáhùn.

Ẹ má sọ pé wọn kò kọ́ ọ nílé o. Ọmọ Ìjẹ̀bú wo ni kò mọ̀ pé káàbọ̀ ló tọ́ sí ẹni tó kí ni kú ilé? Ṣùgbọ́n Lará aládùúgbò rẹ̀ kí àlejò yìí káàbọ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́, òkun ti gbé Lará tilé-tilé. Ìbíkẹ́ tọ ojú ẹsẹ̀ àlejò náà: inú òkun ló ti wá, ibẹ̀ náà ló padà sí.

Àwọn ẹbí ní kó máa bọ̀ ní Òde-Omi. Ó kọ̀. Inú yàrá rẹ̀ ni wọ́n sin Ọláníyọnu ọkọ rẹ̀ sí, ta ni yóò fi í sílẹ̀ fún omi?

Òyìnbó tó kọ́ ilé onípákó sétí òkun lẹ́yìn ogun Ìmàgbọn náà tún ní kó kúrò, pé èéfín ẹja rẹ̀ ń yọ òun lẹ́nu. Ọláfẹ́mi ògbufọ̀ ló wá jíṣẹ́: lọ́túnla ni wọn yóò wó ilé rẹ̀.

"Ojú tó ti rí òkun," ni Ìbíkẹ́ wí, "ṣé ọ̀sà ni yóò wá bà á lẹ́rù?"

Síbẹ̀, ó ṣe wọ́n lóore. Ó ní bí ẹni tí aṣọ rẹ̀ tutù bá kí wọn, kí wọ́n má dáhùn. Ọláfẹ́mi rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lọ̀gá òun gbọ́ nínú èdè wa, òun lòun kọ́ ọ, ewúrẹ́ pàápàá ló ń fi í kí.

Lọ́jọ́ kejì, kí àwọn tó fẹ́ wólé tó dé, àlejò ti dé. "Ẹ kú ilé o."

Ìbíkẹ́ dìde, ó fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. "Kò sáyè," ló wí. "Ọkọ mi ń bẹ nínú ilé."

Àlejò wò ó títí, omi ń kán tó, tó, létí aṣọ rẹ̀. Ó wá yíjú sí ilé onípákó, níbi tí òyìnbó jókòó sí ní fàráńdà. Ó kí i. Ìbíkẹ́ la ẹnu láti kìlọ̀, ṣùgbọ́n òyìnbó ti ṣí fìlà, inú rẹ̀ dùn pé òun gbọ́ èdè.

"Káàbọ̀!"

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òpó kan kò ṣẹ́ kù nínú ilé onípákó, a kò sì rí òyìnbó mọ́. Ọláfẹ́mi, tó sùn sí Makun-Omi, dé orí iyanrìn, ó káwọ́ lérí. Kò sẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀ ilé wíwó mọ́.

Ìbíkẹ́ dáná rẹ̀. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, ó gbọ́ ìkíni lẹ́yìn.

"Ẹ kú ilé o."

Ohùn náà ń ránmú, ó ń wọ́ ọ̀rọ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọ. Ìbíkẹ́ mọ ẹni tó ni í. Kò bojú wẹ̀yìn.

"Kò sáyè," ló wí, ó sì yí ẹja rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì.