Abẹ́rẹ́ Ọwọ́ Gabriel

Ọkùnrin kan ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ láti ọ̀nà etíkun, ó funfun báláú láti orí dé ẹsẹ̀, bí atẹ́gùn òkun bá sì ti fẹ́ lù ú, ohun kan á máa rú lára rẹ̀ bí èéfín igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bu omi pa.

Fàrídà, tó ń ta bísáàpù, omi pupa tí wọ́n ń fi ìṣápá ṣe, àti omi tútù fún àwọn alábàárù lẹ́nu géètì èbúté Lomé, gbàgbé pé òun ń bu omi lọ́wọ́. Omi kún ife, ó ṣàn sí i lẹ́sẹ̀, kò mira. Ìgbà tí ọkùnrin náà sún mọ́ ọn tán ló rí i pé ìyẹ̀fun ni, àti pé agbọ̀n búrẹ́dì ló dè mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́. Àsìkò kòrónà ni. Ìbòmú ti bo imú àti ẹnu rẹ̀, ojú nìkan ló ṣẹ́kù síta. Ojú náà ń rẹ́rìn-ín.

"Olómi tútù, ẹ kú ọjà. Ẹ fún mi ní bísáàpù kan, kó tutù wọ eegun."

"Ẹ̀yin tí wọ́n ti fi funfun dì tán, tó ku kí wọ́n kírun sí lára, kí lẹ fẹ́ fi bísáàpù ṣe?"

Ọkùnrin náà wo ara rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín, ìyẹ̀fun sì gbọ̀n sínú ife tó gbà lọ́wọ́ rẹ̀. "Òkú tó ń rajà, tó tún ń sanwó. Irú oníbàárà wo lẹ tún ń wá?"

Ó kẹ̀yìn sí i kó tó fa ìbòmú wálẹ̀ láti mu ún, bí gbogbo èèyàn ti ń ṣe nígbà náà. Fàrídà bá ara rẹ̀ níbi tó ti ń na ọrùn láti rí ẹnu àjèjì. Ojú tì í.

Rídúwánù ni orúkọ rẹ̀. Ní erékùṣù Sao Tomé ló ti ń ṣe búrẹ́dì. Ó ní ààrò níbẹ̀, ó ní ilé ìtajà. Ó wá kí ìyá rẹ̀ ní Zanguéra, nítòsí Lomé, ni àrùn náà fi bẹ́ sílẹ̀, erékùṣù sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ gbogbo ayé. Ló bá di ẹni tó ń po ìyẹ̀fun fún ẹlòmíràn ní àdúgbò Attiégou. Ẹlòmíràn ì bá máa ráhùn. Rídúwánù ń kọrin lórí kẹ̀kẹ́.

Láti ọjọ́ náà, ibi yòówù kó gbé búrẹ́dì lọ, ọ̀dọ̀ Fàrídà ló máa ń parí ìrìn rẹ̀ sí.

"Èmi wà nídìí iná, ìwọ wà nídìí yìnyín," ló sọ fún un lọ́sàn-án ọjọ́ kan. "Bí wọ́n bá pa wá pọ̀, kí ni yóò jáde níbẹ̀?"

"Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́," Fàrídà dáhùn. "Òun ni wọ́n fi ń wẹ ọmọ tuntun."

Ọ̀rọ̀ ti jáde tán kó tó mọ ohun tí òun sọ. Ó tẹrí ba, ó ń ṣa ife tí kò túká. Nígbà tí Rídúwánù ń lọ, orin rẹ̀ dún dé ọ̀nà jíjìn.

Ọjọ́ tí òjò ká wọn mọ́ abẹ́ àtíbàbà ni okùn ìbòmú Fàrídà já. Ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Má bò ó," ni Rídúwánù wí. "Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ pé o ní èjí."

"Irọ́ lẹ pa. Ẹ ò rí ẹnu mi rí."

"Bí o bá ti pe bísáàpù báyìí, ìbòmú rẹ á fẹ́ síwájú díẹ̀. Mo ní ó ní láti jẹ́ pé ọ̀nà kan wà níbẹ̀ tí atẹ́gùn ń gbà."

Òun náà fa tirẹ̀ wálẹ̀. Fàrídà wò ó dáadáa, bí ẹni tó ń wo aṣọ tó ti sanwó rẹ̀ láìtíì tú u. Inú rẹ̀ dùn. Ẹnu náà yẹ ojú náà.

Lọ́jọ́ kan ni Rídúwánù dé láìgbé agbọ̀n. Augustin, ọmọ erékùṣù tó fi kọ́kọ́rọ́ ilé búrẹ́dì sí lọ́wọ́, ti pè é. Wọ́n ti ń ṣí ìlẹ̀kùn díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára pé lè wọlé, wọn ò ní sé e mọ́ ibì kankan. Ẹni tí kò bá gbà á, kó jókòó sí ìlú rẹ̀. Ẹni tó ni ilé tí Rídúwánù háyà síbẹ̀ sì ní kó máa bọ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun á fi ilé náà fún ẹlòmíràn.

"Ẹ kú oríire," ni Fàrídà wí. Ohùn rẹ̀ kò dún bí ohùn ẹni tó ń bá èèyàn yọ̀.

"Mi ò fẹ́ dá lọ, Fàrídà."

Alábàárù kan na owó sí Fàrídà, ó ní kó bá òun bu omi. Fàrídà kò rí i.

"Ṣé mọ́ṣáláṣí wà níbẹ̀?" ló béèrè níkẹyìn.

"Ó wà."

"Ṣé wọ́n mọ bísáàpù?"

"Wọn ò tíì mọ̀ ọ́n. Ìwọ ni wọ́n ń wò lójú ọ̀nà."

"Ẹ lọ bá bàbá mi nígbà náà."

Bàbá rẹ̀ ni Alàájì Sàkáríyà, tó ń ta ike àti garawa ní ọjà ńlá. Nígbà tí kòrónà dé, òun ló kọ́kọ́ ń lu ihò sára garawa, tó ń fi ẹ̀rọ omi sí i fún ọwọ́ fífọ̀. Ọmọ Yorùbá ni, ṣùgbọ́n Lomé ni wọ́n ti bí i. Lomé ni wọ́n sin bàbá tirẹ̀ náà sí. Bí ó bá fẹ́ràn èèyàn, kì í fi pamọ́. Bí ó bá bínú séèyàn, kì í gbàgbé.

Ó fẹ́ràn Rídúwánù. Ó bi í ní ìbéèrè nípa ìyá rẹ̀, nípa ìrun rẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé oúnjẹ fún un.

"Mo fún ọ lọ́mọ," ló wí. "Ṣùgbọ́n ọmọ mi kò ní gba abẹ́rẹ́ kankan."

"Bàbá, bí kò bá gbà á, kò lè wọ ibẹ̀."

"Kó dúró tì mí títí wọn yóò fi ṣílẹ̀kùn fún tẹrú tọmọ. Mo dàgbà nílé yìí láìsí abẹ́rẹ́ yẹn."

Rídúwánù ní lèmọ́mù pàápàá ti gbà á, kò sì ṣe é ní nǹkan kan. Alàájì mi orí, ó ní lèmọ́mù mọ tirẹ̀. Nígbà tí Fàrídà ń sin ọkùnrin náà jáde, ìrẹ̀wẹ̀sì ti bá a.

"Kí ló ń bà wọ́n lẹ́rù lára abẹ́rẹ́ yìí?"

"Kì í ṣe abẹ́rẹ́ ni Bàbá ń bá jà," ni Fàrídà wí. "Gabriel ni."

Ó nawọ́ sí ilé kejì. Gabriel, nọ́ọ̀sì tó ń gún abẹ́rẹ́ náà fún gbogbo àdúgbò, ló ń gbé ibẹ̀. Ògiri kan ṣoṣo ló pín ilé rẹ̀ níyà sí ti Alàájì. Nígbà Iléyá kan tó ti pẹ́, àgbò Alàájì já okùn, ó wọ ọgbà Gabriel, ó sì jẹ gbogbo ẹ̀fọ́ gbọ̀má tó gbìn síbẹ̀. Gabriel fa àgbò náà síta lójú gbogbo èèyàn, ó ní, "Ẹ̀yin àjèjì yìí, ẹ má sọ ìlú wa di pápá mọ́ wa lọ́wọ́." Láti ọjọ́ náà, bí Gabriel bá kí Alàájì, ojú ọ̀run ni Alàájì máa ń wò.

"Kí la wá ń rò? Ká lọ sí Zanguéra," ni Rídúwánù wí. "Ilé ìwòsàn wà nítòsí ilé ìyá mi. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

"Mi ò ní jí abẹ́rẹ́ gbà. Bí mo bá jí ìyẹn, mo jí ìwọ náà nìyẹn."

"Ṣé nítorí àgbò ni n óò fi dá lọ, Fàrídà?"

"Kì í ṣe nítorí àgbò. Nítorí ọ̀rọ̀ tí Gabriel sọ ni."

Rídúwánù gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ láìkọrin. Ọjọ́ mélòó kan kọjá kí wọ́n tó tún rí ara wọn. Nígbà tó padà dé géètì, ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń darí kẹ̀kẹ́. Apá òsì rẹ̀ ti wú. Ó ti gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́. Fàrídà fà á jókòó sábẹ́ àtíbàbà. Ó fọ́ yìnyín, ó fi aṣọ dì í, ó sì fi lé apá náà.

"Ó ń dùn ẹ́?"

"Apá kọ́ ló ń dùn mí."

"Mo mọ̀," ló wí, kò sì gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

Ìyá Fàrídà, Bàṣírátù, ní òun ti bá bàbá rẹ̀ sọ ọ́ títí, ó ti rẹ òun. Fàrídà bá gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ bá bàbá rẹ̀ ní ọjà fúnra rẹ̀. Ó dúró kó jẹun tán, ó bu omi fún un, ó sì kúnlẹ̀ láàárín àwọn garawa.

"Bàbá, ìyọ̀ǹda yín ni mo wá tọrọ. Mo fẹ́ gba abẹ́rẹ́ náà, mo fẹ́ tẹ̀lé ọkọ mi. Bí ẹ bá ní n má lọ, mi ò ní lọ."

"Mo ti sọ̀rọ̀ tán."

"Mo gbọ́. N óò dúró. N óò máa kí yín láràárọ̀, n óò máa gbé oúnjẹ yín wá, ẹnikẹ́ni kò ní rí ìwàkiwà lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n ọmọ yín ni mí, ẹ̀yin ni mo jọ. Bí ó bá jẹ́ pé nítorí Gabriel lẹ fi dá mi dúró, nǹkan kan á wà nínú mi tí kò ní jáde mọ́. Mo ń sọ ọ́ fún yín nísinsìnyí tí kò tíì wọlé."

Alàájì mú garawa kan, ó ń yí ẹ̀rọ omi tó wà lára rẹ̀, ó ń tì í, ó ń ṣí i.

"Ṣé o mọ bó ṣe máa ń rí?" ló béèrè, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ó dà bí òkúta nínú ìrẹsì. Èèyàn ti gé e jẹ, eyín ti dùn ún. Kò lè gbé e mì, kò sì fẹ́ tu ú lójú èèyàn."

"Mi ò fẹ́ mọ̀ ọ́n, Bàbá."

"Gbé abọ́ yìí lọ sílé," ló wí.

Fàrídà gbé abọ́, ó sunkún láti ọjà dé ilé wọn ní Attiégou, ó sì dúpẹ́ pé ìbòmú wà lójú òun.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e ni bàbá rẹ̀ kan ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀. Ó ti wọ agbádá Jímọ̀ọ̀ rẹ̀, ó ti dé fìlà. "Wọ aṣọ tí apá rẹ̀ ṣeé ká," ló wí. "Kí o pe oníbúrẹ́dì rẹ kó wá bá wa níbẹ̀."

Ọ̀pọ̀ èèyàn ti tò sí ilé ìwòsàn. Bí wọ́n ti rí Alàájì Sàkáríyà tó ń bọ̀, ariwo rọlẹ̀. Rídúwánù náà dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó dọ̀bálẹ̀ fún un nínú iyanrìn. Alàájì ní kó dìde, kó má ba aṣọ rẹ̀ jẹ́. Nígbà tó kàn án, ó jókòó síwájú Gabriel, ó sì ká agbádá rẹ̀ dé èjìká.

"Bọ́ǹsúù, Papa," ni Gabriel fi èdè Faransé kí i.

Alàájì wo àjà. "Mi ò wá kí ọ," ló fi Mina, èdè ìlú náà, sọ. "Ọmọ mi ń lọ sí erékùṣù. Ọjọ́ tó bá bímọ, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀. Ohun tó wà láàárín wa ṣì wà níbẹ̀ o."

"Ó wà níbẹ̀," Gabriel dáhùn. "Ẹ dẹ apá yín. Bí ẹ bá mú un le, á dùn yín, ẹ óò tún ní èmi ni."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lórí ìlà. Alàájì dẹ apá. Gabriel gún un, ó fi òwú tẹ ojú ibẹ̀, kò sì tètè mú ọwọ́ kúrò.

"Ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn," ló wí jẹ́jẹ́, "ṣé ẹ mọ̀ pé ìyàwó mi kò fún mi lóúnjẹ lálẹ́ ọjọ́ náà? Ó ní kò yẹ kó jáde lẹ́nu mi."

Alàájì sọ agbádá rẹ̀ kalẹ̀. Ó dìde, ó fa Fàrídà lọ́wọ́ wá síwájú, ó fi í jókòó sórí àga tí òun fi sílẹ̀.

"Ọmọ mi nìyí," ló sọ fún Gabriel. "Rọra gún un."

Lẹ́yìn náà, wọ́n jókòó sórí bẹ́ńṣì nínú àgbàlá bí wọ́n ti ní kí gbogbo ẹni tó bá gbà á ṣe, Alàájì wà láàárín, àwọn méjèèjì wà lápá ọ̀tún àti òsì rẹ̀. Fàrídà ń wo bàtà rẹ̀, Rídúwánù ń wo igi máńgòrò. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ," ni Alàájì wí láìyíjú, "sọ fún ìyá rẹ pé bí Fàrídà bá ti gba èkejì, kí wọ́n wá ká so yìgì. Kí wọ́n má pọ̀ jù. Kòrónà ṣì wà níta."

Wọn ò pọ̀. Lèmọ́mù so yìgì lọ́jọ́ Àìkú nínú àgbàlá ilé, gbogbo ènìyàn fi ìbòmú bo ẹnu. Nígbà tí wọ́n bi Fàrídà bóyá ó gbà, ó fa tirẹ̀ wálẹ̀ kó tó dáhùn, kí Rídúwánù lè rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde.

Òjò wẹ́wẹ́ ń rọ̀ lórí àwọn òkè nígbà tí wọ́n dé erékùṣù. Obìnrin tó ń yẹ àwọn àlejò wò gba ìwé wọn, ó wò ó, ó sì dá a padà, ó nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà. Kò béèrè nǹkan mìíràn. Bí wọ́n ti bọ́ síta, Fàrídà pe bàbá rẹ̀.

"Ṣé wọ́n dá yín dúró?"

"Wọn ò dá wa dúró, Bàbá."

"Alihamudulilahi. Gabriel ti béèrè lẹ́ẹ̀mejì bóyá ẹ ti dé."

"Gabriel? Ẹ ti ń bá a sọ̀rọ̀?"

"Ta ló ń bá a sọ̀rọ̀? Òun ló béèrè, mo kàn dá a lóhùn."

Fàrídà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Rídúwánù ti gbé àpótí rẹ̀ lé èjìká, ó ń dúró dè é nínú òjò.

"Kí ni Bàbá sọ?"

"Wọ́n ní kí o mú mi délé," ló wí, ó sì fi ọwọ́ rẹ̀ sínú ọwọ́ ọkọ rẹ̀.