Ohùn Garnet Lójú Ọ̀nà Kẹfà

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n bá ilẹ̀kùn ṣítúdíò Lascelles ní Kingston ní ṣíṣí, àgádágodo ti fọ́. Téèpù kan ṣoṣo ló sọnù, èyí tí ohùn Garnet wà lórí rẹ̀. Garnet yìí, ọkọ̀ ló pa á. Ọ̀la ni wọ́n máa sin ín, kò sì sí ibòmíràn láyé tí ohùn rẹ̀ wà.

Ìnsípẹ́kítọ̀ Merlene Tulloch bá Miss Icilda, ìyá olóògbé, lórí ìdúró, ó fara ti ọ̀pá.

"Ọmọ mi, n ò ní kí o ti ẹnikẹ́ni mọ́lé o. Ohùn ọmọ mi ni mo fẹ́ gbọ́ kí n tó fi erùpẹ̀ bò ó."

Ọ̀rọ̀ náà dun Merlene wọra. Lascelles, àgbà tó ń gba ohùn olórin sílẹ̀, jókòó sórí àpótí sípíkà, kò gbójú sókè.

Prento ni gbogbo èèyàn nàka sí, torí òun àti Garnet ló jọ kọrin lé rídìmù kan náà, ìyẹn ìlù kan tí olórin púpọ̀ ń kọrin lé, tí wọ́n pè ní Bammy, wọ́n sì máa ń bú ara wọn nínú orin.

"Ọ̀gá, eré la fi ń ṣe!" ni Prento wí. "Ojúlówó téèpù ìlù náà, tó níye lórí jù, nìyẹn lórí tábìlì, olè ò fọwọ́ kàn án. Olórin wo ló máa fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá?"

"Ìgbà wo lo kọ tìẹ?"

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lórí téèpù kan náà tí Garnet ti kọ tiẹ̀ sí. Bí ìlù ṣe wọlé, iná pupa kẹfà tàn lára ẹ̀rọ, mo bẹ̀rẹ̀."

Merlene wo ìwé tí Lascelles lẹ̀ mọ́ ògiri, èyí tó ń sọ ọ̀nà tí ohùn olórin kọ̀ọ̀kan gbà lórí téèpù: *Garnet, ọ̀nà kẹfà.*

"Bàbá Lascelles, ẹ dìde kí Màmá jókòó."

Bàbá ò mira.

"Ọ̀nà kan kì í gba ohùn méjì. Èyí tó dé gbẹ̀yìn ló máa ń pa ti àkọ́kọ́ rẹ́. Ẹ̀yin tí gbogbo àdúgbò mọ̀ ní ọmọlúàbí, ìyá àgbà ń gbọ̀n níwájú yín, ẹ ò dìde. Kí lẹ jókòó lé?"

Lascelles bú sẹ́kún. "Ojú mi ti ń ṣú. Bọ́tìnì kẹjọ ni mo rò pé mo tẹ̀ fún Prento! Èmi tí mo kọ́ Garnet lórin ni mo tún pa ohùn rẹ̀ rẹ́. Mo fọ́ àgádágodo ara mi. Mo ní kí ìyá rẹ̀ kúkú máa ṣépè fún olè ju kó mọ̀ pé èmi ni."

"Ṣé ẹ ti gbọ́ téèpù náà láti ìbẹ̀rẹ̀?"

"Ọkàn mi ò gbà á."

"Ẹ gbé e sí i. Ta ni ò mọ̀ pé Garnet máa ń kí èèyàn kí ìlù tó wọlé? Ìgbà tí ìlù wọlé lẹ sì tó tẹ bọ́tìnì fún Prento."

Lascelles dìde, ó yọ téèpù náà jáde nínú àpótí tó jókòó lé, ó gbé e sórí ẹ̀rọ, téèpù sì yí. Lẹ́yìn náà ni ohùn kan dún, ẹ̀rín wà nínú rẹ̀: "Màmá, ṣé ẹ ti jẹun?"

Ìlù dé, ohùn Prento sì bo tiẹ̀ mọ́lẹ̀. Prento tó dúró níbẹ̀ fi fìlà bojú.

Miss Icilda rọra jókòó sórí àpótí.

"Mo ti jẹun, ọmọ mi," ló wí. Ó di ọwọ́ Lascelles mú. "Má sunkún mọ́, jàre. Dá téèpù náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀, kó tún bi mí léèrè."