Ẹnu Màmá

Màmá ké "Ouch!" kí abẹ́rẹ́ tó gún ọmọ rẹ̀ aránṣọ lọ́wọ́.

Aránṣọ rò pé etí òun ló ń tan òun jẹ. Màmá tí kò wọ ilé ìwé rí láyé rẹ̀! Ó ṣì ń wo ìyá rẹ̀ tó jókòó ti fèrèsé, tó ń gé òwú tó yọ létí aṣọ, nígbà tí abẹ́rẹ́ wọ àtàǹpàkò rẹ̀ ṣùkù. Ẹ̀jẹ̀ kán sára aṣọ funfun.

"Màmá, kí lẹ wí?"

"Èmi kẹ̀? Mi ò lanu o."

Lọ́jọ́ kejì, "Oops!" jáde lẹ́nu Màmá, ife omi sì yí dànù. Lọ́jọ́ kẹta, "Wow!" Kò pẹ́, oníbàárà kan wọlé, ó wọ aṣọ rẹ̀ wò, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í jó níwájú dígí. Bí ẹ̀gbọ́n aránṣọ tó ti kú ṣe máa ń ké gẹ́lẹ́ nìyẹn, ẹ̀gbọ́n tó kọ́ ọ níṣẹ́, tó máa ń fi gẹ̀ẹ́sì pariwo lórí ohun gbogbo bí ẹni pé ìlú òyìnbó ni wọ́n bí i sí.

Nígbà tí aránṣọ ròyìn fún àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó jẹ́ awakọ̀, ó sọ lórí fóònù pé, "Àǹtí, orí Màmá ti ń dàrú. Ẹ di ẹrù wọn. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n máa gbé báyìí, mo ń bọ̀ wá mú wọn lọ́sàn-án yìí."

Ẹkún ló fi ń di ẹrù náà. Ó rí ìró kan tó ti rún, ó ki áyọ́ọ̀nù bọ iná. Nígbà tó yá, ó fi itọ́ ra ìka láti fi dán an wò bóyá ó ti gbóná.

"Oh no!" Màmá ké.

Ọwọ́ aránṣọ dúró lókè. Wáyà áyọ́ọ̀nù náà ti bó nídìí, iná ń ta pàrà pàrà níbẹ̀. Bí iná ṣe gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìyẹn, nínú yàrá yìí kan náà. Ó sáré pa iná lára ògiri, ó wá kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀.

"Màmá, ẹ̀yin kọ́ lẹ ń sọ̀rọ̀ yìí, àbí?"

Màmá fọwọ́ pa á lórí. "Ẹ̀gbọ́n rẹ ni," ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ó ń yá ẹnu mi lò. Ó ní lọ́jọ́ tí iná gbé òun, kò sẹ́ni tó pariwo fún òun. Kò ní rí bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀yin méjèèjì."

Ìgbà náà ni àbúrò wọlé, tẹ̀ríntẹ̀rín, tó ń fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ṣeré lọ́wọ́. "Màmá mi àtàtà! Ó yá, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Màmá wo kọ́kọ́rọ́ náà. Ojú rẹ̀ rọ̀.

"Sorry," ló wí, jẹ́jẹ́.

Àbúrò bú sẹ́rìn-ín. "Háà! Màmá, kí ló ṣe mí tẹ́ ẹ fi ń bá mi kẹ́dùn?"

Aránṣọ ti já kọ́kọ́rọ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jù ú sínú dúrọ́ọ̀ máṣíìnì, ó sì jókòó tì í.

"Jókòó, àbúrò mi," ló wí. "Ẹnì kankan ò ní wa ọkọ̀ kankan lónìí."