Ẹ̀rọ Tí Kì Í Jẹun

Súmbọ̀ gbé kókó àti kosai, ẹ̀kọ mímu àti àkàrà àwọn Hausa, lọ fún ọkọ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́ ọdún 1983, ó sì bá a nílẹ̀. Samuel, tí gbogbo àdúgbò Àpáta ní Jos mọ̀ sí ẹni tó ń tún rédíò ṣe, dojú bolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ti ti iwájú orí rẹ̀ ṣàn sínú eruku. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ní igun yàrá tí ẹ̀rọ rẹ̀ máa ń wà, kò sí nǹkan kan mọ́ àfi ihò irin bóòtù mẹ́rin nínú símẹ́ńtì.

Igbe Súmbọ̀ ló kó àdúgbò jọ. Wọ́n gbé Samuel dé ilé ìwòsàn. Ó ń mí, ṣùgbọ́n kò mọ ẹni tó dúró tì í. Kó tó di ọ̀sán, àwọn ọlọ́pàá ti mú Kàsímù, olùkọ́ ẹ̀kọ́ físíìsì ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan nílùú náà.

Kò sí Yorùbá kan ní Jos tí kò tíì gbọ́ nípa ẹ̀rọ náà. Irin kan ń yí dínámò, dínámò ń tan gílóòbù, ó sì tún ń dá agbára padà fún irin tó ń yí i. Kì í mu epo, kì í lo iná ìjọba. Olúgbóyèga, tí òun àti Samuel jọ dáwọ́ lé iṣẹ́ náà, ló máa ń kó èrò wá wò ó. Bí iná ìjọba bá lọ, tí gbogbo àdúgbò ṣókùnkùn, ṣọ́ọ̀bù Samuel nìkan ló máa ń tàn, àwọn èèyàn a sì máa pàtẹ́wọ́. Wọ́n ti ń múra láti ta ohun ìní wọn, kí wọ́n lè fi owó rẹ̀ sínú ilé iṣẹ́ tí Olúgbóyèga fẹ́ dá sílẹ̀. Súmbọ̀ pàápàá ti ń wá ẹni tó máa ra ilé tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ní Rantya.

Kàsímù nìkan ló dìde takò ó nípàdé tí Olúgbóyèga pè. Ó ní, "Irọ́ ni. Agbára kì í ti òfìfo wá. Ohun tó bá ń fúnni ju ohun tó ń gbà lọ, ẹnì kan ń bọ́ ọ lẹ́yìn. Màá tú nǹkan yìí palẹ̀ lójú gbogbo yín lọ́jọ́ kan!"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé e dé àgọ́ ọlọ́pàá, níwájú Inspẹ́kítọ̀ Ìbíkúnlé. Àdúgbò Ali Kazaure ní Jos ni wọ́n bí Ìbíkúnlé sí, Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá bàbá rẹ̀ ti kó aṣọ wá tà. Hausa ló fi ń ṣàwàdà, Yorùbá ló fi ń ronú.

"Tíṣà, Ìyá Búrẹ́dì rí yín lẹ́nu ọ̀nà Samuel láàárọ̀ yìí."

"Mo débẹ̀, ọ̀gá. Mo kanlẹ̀kùn, ẹnikẹ́ni ò dáhùn, mo bá tèmi lọ."

"Ilẹ̀kùn wà ní títì?"

"Ó tì gbọin, láti inú."

"Kí lẹ wá ṣe lọ́dọ̀ ẹni tẹ́ ẹ bá jà?"

Kàsímù wolẹ̀. "Mo ti ṣèlérí pé mi ò ní sọ. Bó bá jí, ẹ bi í."

"Bí kò bá jí ńkọ́? Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó finú hàn mí ò tíì tú mi sílẹ̀."

Sájẹ́ǹtì Gyang, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, mi orí. Lójú tiẹ̀, ẹjọ́ ti parí. Ìbíkúnlé yíjú sí ojú fèrèsé. Kẹ̀kẹ́ ológeere tí olùkọ́ náà gbé sẹ́yìn àgọ́ ló ń wò. Ẹ̀rọ náà wúwo ju ohun tí kẹ̀kẹ́ lè gbé.

Olúgbóyèga wọlé nínú aṣọ sáfárì tí wọ́n lọ̀ dáadáa. "Ìlara ni, Inspẹ́kítọ̀. Tíṣà yẹn ò fẹ́ kí ẹlòmíràn tayọ. Ó lu ọ̀rẹ́ mi, ó gbé iṣẹ́ ọwọ́ wa lọ."

"Ibo ni ẹ̀rọ yín ti ń rí agbára?"

Olúgbóyèga rẹ́rìn-ín. "Àgbò tó tàdí mẹ́yìn, agbára ló lọ mú wá. Bó ṣe ń yí ló ń mú tiẹ̀ wá."

"Àgbò tí mo mọ̀ máa ń jẹ koríko kó tó lè kàn. Ta ló fi bóòtù dè é mọ́lẹ̀?"

"Èmi ni. Kí olè má baà gbé e."

"Olè sì gbé e," ni Ìbíkúnlé wí, ó sì ní kó máa lọ ná.

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù Samuel gan-an ni ilé búrẹ́dì Sherifat, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Búrẹ́dì, wà, ògiri kan ló là wọ́n láàárín. Ìyá náà ń gbọn ìyẹ̀fun kúrò lọ́wọ́ nígbà tí Ìbíkúnlé dé.

"Sannu, Ìyá. Ẹ kú iṣẹ́."

"Ẹ ṣé, ọmọ mi. Kí lẹ fẹ́ gbọ́? Mo ti sọ ohun tí mo rí."

"Ẹ̀rọ Samuel yìí, ó yọ yín lẹ́nu rí?"

"Tiẹ̀ ò yọ mí lẹ́nu. Jẹnẹrétọ̀ tèmi ló ń ṣàìsàn, wallahi! Bí iná ìjọba bá lọ tí mo tan án, gílóòbù mi a máa ṣe bàìbàì ní gbogbo ìgbà tí èrò bá pé sí ṣọ́ọ̀bù Samuel. Bí wọ́n bá tú ká, ara rẹ̀ a yá. Mo pààrọ̀ mẹkáníìkì títí, kò yé ẹnikẹ́ni."

"Ta ló so wáyà rẹ̀ fún yín?"

"Olúgbóyèga ni. Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Ọmọ dáadáa ni."

Ìbíkúnlé dúpẹ́, ó gba ilé ìwòsàn lọ. Dókítà tú àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún Samuel tó di gírígírí fún un wò. Àpá jíjó dúdú kan, tó tẹ́ẹ́rẹ́ bíi wáyà, là á já.

"Ẹnikẹ́ni ò lu ọkùnrin yìí," ni dókítà wí. "Iná ló gbé e. Ìgbà tó ń ṣubú ló forí gba etí tábìlì. Inú mi dùn láti sọ fún yín pé ọkàn rẹ̀ ń lù dáadáa."

Ìbíkúnlé pe Gyang, wọ́n padà sí ṣọ́ọ̀bù. Láàárín ihò bóòtù mẹ́rin yẹn, símẹ́ńtì kan tí kò ju ẹnu ife lọ ṣì tutù, nínú ọyẹ́ tó ti gbẹ gbogbo nǹkan. Gyang fi irin gbẹ́ ẹ. Wáyà tó nípọn kan yọrí, wọ́n ti gé ẹnu rẹ̀, ó sì gba abẹ́ ògiri lọ tààrà sí ìdí jẹnẹrétọ̀ Sherifat. Ní àgbàlá ilé búrẹ́dì, eruku ọyẹ́ bo òkìtì igi ìdáná látòkè délẹ̀, àfi apá kan tí igi rẹ̀ mọ́ tónítóní. Wọ́n ṣí i. Ẹ̀rọ náà wà nísàlẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Ìbíkúnlé tẹ́ ẹní sí àgbàlá àgọ́ ọlọ́pàá, ó gbé ẹ̀rọ náà lé e. Súmbọ̀, Sherifat àti Kàsímù dúró yí i ká. Nígbà tí Olúgbóyèga dé tó sì rí i, ó dúró sójú kan.

"A ti rí iṣẹ́ ọwọ́ yín," ni Ìbíkúnlé wí. "Ẹ tan án fún wa."

"Kò lè ṣiṣẹ́ níbí. Ó gbọ́dọ̀ ní ìdúró."

"Gyang, gbé pákó yẹn wá, kàn án mọ́ ọn."

"Ilẹ̀ ibẹ̀... ilẹ̀ ibẹ̀ ló mọ́ ọn lára."

"Ẹ ṣáà gbìyànjú."

Olúgbóyèga fi ọwọ́ yí i. Ó yí fùrù, gílóòbù pọ́n díẹ̀ bí ẹyin iná tó fẹ́ kú, ó rọra ń falẹ̀, ó dúró. Ó tún un yí. Ó tún dúró. Òógùn bọ́ lójú rẹ̀ nínú òtútù Jos.

"Ẹ̀yin èèyàn," ni Ìbíkúnlé wí, "gbogbo wa là ń wá ẹni tó kórìíra ẹ̀rọ yìí. Èmi wá ẹni tó ń bọ́ ọ. Bí ohun tí Tíṣà wí bá jẹ́ òótọ́, oúnjẹ rẹ̀ ní láti ti ibì kan wá, jẹnẹrétọ̀ Ìyá Búrẹ́dì sì ń rù láìsí ìdí. Wáyà gba inú ẹsẹ̀ ẹ̀rọ wọlé, ìdí nìyẹn tó fi gbọ́dọ̀ dè mọ́lẹ̀. Samuel kò mọ̀. Àárọ̀ àná ló tú bóòtù láti gbé e nílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì kan wáyà nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ilẹ̀kùn iwájú wà ní títì láti inú nígbà tí Tíṣà kàn án. Nígbà tí Súmbọ̀ dé, ó ti ṣí, kò sì fọ́. Ẹni tó ti wà nínú ilé ló ṣí i, kó lè dà bíi pé olè wọlé. Ẹni náà gba ẹ̀yìn wọlé, ó gé wáyà, ó fi símẹ́ńtì dí ihò rẹ̀, ó sì wọ́ ẹ̀rọ lọ sábẹ́ igi ìdáná kí àṣírí má baà tú. Súmbọ̀, àwọn wo ló ní kọ́kọ́rọ́ ẹ̀yìn?"

"Ọkọ mi," ni Súmbọ̀ dáhùn, ojú rẹ̀ kò kúrò lára Olúgbóyèga. "Àti òun."

"Mi ò fọwọ́ kàn án!" Olúgbóyèga pariwo. "Ó ti wà nílẹ̀ nígbà tí mo wọlé. Mo rò pé ó ti kú ni!"

Súmbọ̀ rìn lọ bá a.

"O rí ọkọ mi nínú ẹ̀jẹ̀," ni ó wí, ohùn rẹ̀ kò ròkè, "irin lo gbé."

Gyang mú un wọlé. Sherifat ṣáà ń sọ pé, "Haba! Haba!" Kàsímù jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà, ó mí kanlẹ̀.

Lọ́sẹ̀ yẹn ni Samuel la ojú, tó sì pe ìyàwó rẹ̀ lórúkọ. Ìbíkúnlé mú Kàsímù dání lọ kí i. Ẹ̀rù ń ba Inspẹ́kítọ̀ bó ṣe máa sọ fún ọkùnrin náà pé iṣẹ́ tó fi ń yangàn kò ṣiṣẹ́ rí. Ó sọ ọ́ tán. Samuel wo àjà pẹ́. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́ sí etí rẹ̀.

"Ọ̀gá, mo ṣe èkejì rẹ̀ nílé. Kò sí ibi tí wọ́n fi yàtọ̀. Kò yí. Mo tú u, mo tún un tò, kò yí. Mi ò lè sùn mọ́. Mo rò pé orí mi ti dàrú ni. Ìyẹn ni mo ṣe yọ́ lọ bá Tíṣà, mo ní kó má sọ fẹ́nì kankan."

"Èmi ni mo ní kẹ́ ẹ gbé e kúrò nílẹ̀," ni Kàsímù wí.

"Ẹ ní kí n dúró dè yín. Mi ò ní sùúrù." Samuel nu ojú. "Ṣé kì í ṣe pé mi ò mọ iṣẹ́ mi?"

"Kò sẹ́ni tó lè mú un yí, láyé."

"Ẹ jókòó, Tíṣà. Ẹ ṣàlàyé òfin yẹn fún mi látìbẹ̀rẹ̀."

Kàsímù fa àpótí kan súnmọ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó sọ bí agbára ṣe ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ kejì, tí kì í pọ̀ sí i, tí díẹ̀ a sì máa bá ooru lọ nígbà gbogbo. Kò tíì sọ ọ́ jìnnà tí Samuel fi bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun. Kàsímù dákẹ́, ó fẹ́ dìde.

Súmbọ̀ fọwọ́ dá a dúró. "Ẹ máa sọ ọ́ lọ, ẹ jọ̀ọ́. Ó ti pẹ́ tó ti sùn báyìí gbẹ̀yìn."

Olùkọ́ náà tún jókòó, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ń bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ. Ìbíkúnlé mú fìlà rẹ̀, ó sì rọra pa ilẹ̀kùn dé.