Ọ̀gọ́mọ̀ Tí Olórí Akọrin Gé

Àdá ni Ajíbádé fi ń bá ọ̀pẹ kékeré kan jà. Ó ti ya imọ̀ rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, ó ti ki apá bọ àárín igi, ó sì ń gé ọ̀gọ́mọ̀, ewé tuntun funfun tó ń yọ láàárín orí rẹ̀, láti ìdí. Òógùn bò ó. Bó ti ń gé e ló ń kọrin:

"Igi oko ń yìn ọ́, Olúwa,
Odò ń sàn, ó ń sọ ògo rẹ;
Ìkà tó ń ba iṣẹ́ ọwọ́ rẹ jẹ́,
Má ṣàì bá a wí."

Òun fúnra rẹ̀ ló kọ orin náà. Olùkọ́ ni, láti Sakété ni ìjọba ti gbé e wá sí Ṣábẹ̀ẹ́. Mẹ́tìrì, orúkọ tí wọ́n ń pe olùkọ́ níbẹ̀, ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Òun náà ni olórí akọrin ìjọ. Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ọjọ́ tí ìjọ máa ń gbé imọ̀ lọ́wọ́ yí ṣọ́ọ̀ṣì ká. Ó fẹ́ kí akọrin gbé ọ̀gọ́mọ̀ tó funfun, tó rọ̀, tó ṣeé hun ní àgbélébùú, bí wọ́n bá ń kọ orin tuntun rẹ̀ nípa ìtọ́jú ilẹ̀ àti omi.

"Mẹ́tìrì, ẹ kú iṣẹ́."

Ó yíjú padà. Ìyá Àríkẹ́ ni, arúgbó tí ilé rẹ̀ sún mọ́ ìsun omi tí gbogbo àdúgbò ń mu. Igbá wà lórí rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Ìyá."

"Ẹ máa kọ ọ́ lọ. Orin náà dùn. Ta ló kọ ọ́?"

"Èmi ni, Ìyá."

"Ẹ kú ọgbọ́n. Ta wá ni ìkà tí ẹ ń fẹjọ́ rẹ̀ sun Ọlọ́run yẹn?"

"Àwọn tó ń sun igbó ni, Ìyá. Àwọn tó ń pa igi."

Ìyá Àríkẹ́ na ọwọ́ sí etí omi, níbi tí àwọn ọ̀pẹ kan dúró sí tí orí wọn ti gbẹ.

"Ẹ rí àwọn wọ̀nyẹn? Ọkọ mi ló gbìn wọ́n. Lẹ́yìn Àjíǹde èṣí ni orí wọn bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ. Mo rò pé ẹlẹ́mu ló pa wọ́n. Láti èṣí ni mo ti ń ṣépè fún ẹlẹ́mu. Mi ò mọ̀ pé ìjọ tí mò ń lọ ni mò ń ṣẹ́ lépè."

Ajíbádé rántí èṣí náà. Òun ló rán akọrin wá gé ọ̀gọ́mọ̀ níbẹ̀ lọ́dún náà. Ó rọra gbé àdá sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ta ló lè fi àdá pamọ́ sẹ́yìn lójú àgbà?

Kò tíì mọ ibi tí yóò fi ojú sí tí Salifou fi gun kẹ̀kẹ́ dé láti ọ̀nà Ofè. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ṣọ́ igbó ni. Ìyá Àríkẹ́ ló ránṣẹ́ pè é kó wá bá òun mú ẹlẹ́mu.

"Kámárádì Ajíbádé," ni ó wí, bí ìjọba ológun ti kọ́ wọn láti máa kí ara wọn nígbà náà. "Mo gbọ́ orin yín láti òkèèrè. Mo ní, ọpẹ́ o, ẹni tí yóò ràn mí lọ́wọ́ ti dé. Àṣé ẹlẹ́mu wa ló ń kọrin."

"Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín, Salifou. Imọ̀ lásán ni mo wá gé. Ṣé imọ̀ kì í hù padà ni?"

"Ó ń hù. Ibi tó ti ń hù gan-an lẹ gé dání yìí." Salifou fi ìka kan ọ̀gọ́mọ̀ ọwọ́ Ajíbádé. "Orí kan ṣoṣo ni ọ̀pẹ ní. Kò dà bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń yọ ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá gé orí yẹn dé ìdí, ó kú nìyẹn. Gbòǹgbò rẹ̀ á jẹrà, etí omi á ya, iyanrìn á dí ìsun. Ẹ wo ibẹ̀."

Ajíbádé wò ó. Obìnrin kan lóṣòó ti ìsun. Ó bu ìwọ̀nba tó rí, ó ń dúró kí omi tún sun kó tó bu òmíràn. Omi yìí ni òun náà ń mu. Òun ni àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀ ń mu. Ìtìjú mú un dé eegun.

"Ẹ bá mi gba àwọn tí mo ti gé, Ìyá."

"Kí n fi wọ́n ṣe kí ni? Ẹ gbé wọn lọ. Wọ́n ti kú, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kú lásán."

Nígbà tó délé, ó fa igi lé ẹsẹ tó fi ń wá ìkà kiri. Ó kọ òmíràn:

"Ọ̀pẹ tó ṣíji bo omi wa,
Ọwọ́ mi ló fi àdá pa á;
Baba, kọ́ mi kí n kọ́kọ́ gbìn
Kí n tó tún gbé ohùn sókè."

Ó kà á, ó sì rí i pé ẹnu òun kò tíì gba orin náà, nítorí òun kò tíì gbin ohunkóhun.

Lọ́jọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ, orin àtijọ́ ni akọrin kọ. Bàbá Àlàó, àgbà ìjọ, bi í lójú gbogbo ènìyàn: "Mẹ́tìrì, orin tuntun tí ẹ fi ń di wá létí dà? Àbí ewúrẹ́ ti jẹ ẹ́?"

Ìjọ rẹ́rìn-ín. Ajíbádé dìde, ojú rẹ̀ ń wo ilẹ̀.

"Èmi ni mo pa ọ̀pẹ etí omi Ìyá Àríkẹ́. Bí a bá ti gbin òmíràn, a ó kọ ọ́."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu wọn, nítorí kò sí ẹni tí ọ̀gọ́mọ̀ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, Salifou mú ọmọ ọ̀pẹ wá. Akọrin gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n gbìn, wọ́n fi ẹ̀gún ṣọgbà yí wọn ká nítorí ẹran. Ìgbà náà ni wọ́n tó kọ orin náà. Ìyá Àríkẹ́ tẹ́tí sí i dé òpin.

"Kò dùn tó ti àkọ́kọ́," ni ó wí, "ṣùgbọ́n òótọ́ ni."

Ẹ̀yin ará, ẹ gbọ́. Bí ẹ bá fẹ́ imọ̀ fún ìsìn, imọ̀ ìsàlẹ̀ tó ti gbó ni kí ẹ gé, ẹyọ kan sì tó ilé kan. Ẹ má fọwọ́ kan ọ̀gọ́mọ̀. Ẹ má gé igi etí omi, torí òun ló ń dáàbò bo ohun tí ẹ ń mu. Bí òjò bá dé, ẹ gbìn. Ẹni tó bá sì fẹ́ kọ orin nípa ayé tí Ọlọ́run dá, kó kọ́kọ́ wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Ní ti Ajíbádé, kò dúró gba ìkíni ẹnikẹ́ni. Ó tẹ ilẹ̀ mọ́ ìdí ọ̀pẹ tó gbẹ̀yìn, ó gbé ọkọ́ lé èjìká, ó sì gba ọ̀nà ilé ìwé lọ.